Kẹ̀kẹ́ Kì Í Ṣe Yunifọ́ọ̀mù

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ìkẹjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ń ti Pen Cinema bọ̀ láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: dáńfó á ti kún, kọ́ńdọ́ á máa pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ", Márúwá ò dé gbogbo àdúgbò, àsẹ́ńbìlì ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Reluwé Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024 dára, ó ń dúró ní Agége, ó ń dúró ní Ìkẹjà, àmọ́ láti ibùdó rẹ̀ dé ẹnu géètì wa, ẹsẹ̀ náà ṣì ni. Ìdí nìyẹn tí àwa kan fi ń ra kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kì í ṣe Márúwá.

Mo ń kọ èyí sára ògiri wa nítorí pé gbogbo ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn nígbà tí mo fẹ́ ra tèmi ló ga jù mí lọ. Ẹni tó ga, kẹ̀kẹ́ tó bá rí ló máa gùn, àfi kó fa ìjókòó sókè. Èmi ga ní sẹ̀ǹtímítà 149. Tá a bá tò sórí ìlà, iwájú pátápátá ni wọ́n ń fi mí sí, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Yàtọ̀ sí pé mo kúrú, n kò gun kẹ̀kẹ́ rí.

Òfin kan ṣoṣo ni ìyá mi ṣe. Wọ́n ní, "Tí ẹsẹ̀ ẹ ò bá kan ilẹ̀, o ò ní gbé e kọjá géètì yìí." Ọ̀rọ̀ wọn jinlẹ̀. Títì Oba Akran, ACME Road, Agídíngbí, gbogbo apá ibi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí yìí, tírélà ló ni ín. Ẹ wò wọ́n dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń yà wọ géètì ilé-iṣẹ́. Orí á kọ́kọ́ lọ síta, àmọ́ táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipa táyà iwájú, inú ló máa ń gé sí. Àyè tẹ́ ẹ rò pé ó ṣí sílẹ̀ láàárín tírélà àti gọ́tà, táyà ẹ̀yìn ń bọ̀ wá gbà á. Ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró lójú ẹsẹ̀, kó fẹsẹ̀ lélẹ̀, kó sì fà sẹ́yìn. Tí irin kẹ̀kẹ́ bá ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ṣubú sí. Ẹ̀gbẹ́ wo? Ohun tí ìyá mi ń rò nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tí apá àwọn òbí wa ká. Inú kọ̀ǹténà ló ń bá wa débí, ńlá àti kékeré pọ̀ mọ́ra, kò sì sí ìwé lára rẹ̀ tó sọ irú ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Mountain bike ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ nípọn tó sì ní eyín. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní California, ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979, tí wọ́n ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sáré bọ́ láti orí Òkè Tamalpais. Ní 1981 ni ilé-iṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde, tí wọ́n wá ń ṣe é rẹpẹtẹ fún títà. A ò ní òkè ní Agége o. Kòtò la ní, iṣẹ́ kan náà sì ni fún táyà.

Ọjọ́ Sátidé la lọ, èmi àti ìyá mi. Ọkùnrin tó ń tà á nawọ́ sí èyí tó ga jù níbẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, èyí ni kẹ́ ẹ gbé. Ọmọ ń dàgbà, ó máa tó kún un. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa náwó." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí ìyá mi, torí bí àwọn ìyá ṣe ń ra nǹkan nìyẹn. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n rán fún mi ní JSS1, JSS3 ló tó bá mi mu. Bàtà tó bá tóbi, a ó ki òwú sí i níwájú. Aṣọ tó bá gùn, a lè ká a, ká fi abẹ́rẹ́ há a. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ká irin rí?

Ọkùnrin náà tún ní nígbà tiwọn, abẹ́ irin làwọn ti kọ́ kẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni. Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ bàbá àgbà gùn lọ sóko àti sọ́jà, táyà rẹ̀ jẹ́ íńsì 28, irin rẹ̀ sì lọ gbọọrọ lókè. Ọmọdé tí ò bá tó o á ki ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ irin, á wọ́ ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa wà á lọ bẹ́ẹ̀ bí alákàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ni wọ́n wà. Ewúrẹ́ ló ń kọjá níwájú wọn, kì í ṣe tírélà sìmẹ́ǹtì.

Mo ti wọn ara mi láti ilé. Mo bọ́ bàtà, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ki ìwé Mathematics tí ẹ̀yìn rẹ̀ le sáàárín itan mi, mo fà á sókè títí tí kò fi lè lọ mọ́, bíi pé mo jókòó lé e. Àbúrò mi wá fi tépù télọ̀ wọn ún láti ojú ìwé náà lókè dé ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 68. Nọ́ńbà yìí wúlò ju gíga èèyàn lọ, torí ẹni méjì lè ga bákan náà kí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn ju ti èkejì.

Níbi ìtajà, mo fi tépù kan náà wọn kẹ̀kẹ́ gíga yẹn, láti ilẹ̀ dé orí irin tó wà láàárín ìjókòó àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, níbi téèyàn máa dúró sí. 77. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá aṣọ ni mo fẹ́ rán fún kẹ̀kẹ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀dá. Ẹ jẹ́ n wọn tọ̀hún náà." Fún mountain bike, ó kéré tán, ó yẹ kí àyè sẹ̀ǹtímítà 5 ṣẹ́ kù láàárín irin àti ara ẹni, téèyàn bá dúró tẹsẹ̀ méjèèjì sì wà nílẹ̀. Níbi tí irin yẹn ti máa gbáni tí àyè ò bá sí, n ò ní kọ ọ́ sára ògiri tí àwọn tíṣà wa ń kà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà ara rọ́bà tàn yín o. 24, 26, 27.5 tàbí 29, bí táyà ṣe tóbi tó ló ń sọ, kò sọ ti egungun kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ méjì lè jọ wọ táyà 26 kí egungun ọ̀kan jẹ́ íńsì 14, kí ti èkejì jẹ́ 20. Egungun la fi ń mọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́. Ẹ wọn irin tó gbé ìjókòó dúró, láti àárín ibi tí apá pẹ́dàlì méjèèjì ti pàdé títí dé ibi tí irin náà parí sí lókè. Ẹni tó ga tó èmi, 13 tàbí 14 ló sábà máa ń bá a mu; ẹni tó bá sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 160, 15 tàbí 16. Mo ní "sábà" o, torí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tiẹ̀.

Táyà 24 ni wọ́n ń pè ní ti ọmọdé, àwọn kan sì ń tijú rẹ̀. Ìtìjú kí ni? Ẹnjiníà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Georgena Terry, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1985 nítorí àwọn obìnrin tí kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́jà ò bá mu. Táyà 24 ló fi síwájú, ó fi èyí tó tóbi jù ú lọ sẹ́yìn, kí egungun kẹ̀kẹ́ lè kúrú. Àgbà obìnrin ló ń rà á, kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ohun tí àwọn tó ga kì í rò rárá ni ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó yẹ kí ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀. Tó bá nà tán bíi ti ẹni tó fẹ́ mú ìkòkò lórí àjà, kẹ̀kẹ́ yẹn gùn jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì fa búrèékì láìtú ọwọ́ sílẹ̀. Ìka mi kúrú, èyí tí mo kọ́kọ́ dán wò jìnnà sí mi. Àmọ́ lára ọ̀pọ̀ búrèékì, ìdè kékeré kan wà nítòsí ìdí ibi tá à ń fà. Tí wọ́n bá dè é wọlé, búrèékì á sún mọ́ ìka. Ìṣẹ́jú kan ni, ọkùnrin náà sì ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Ẹ tún bèèrè ibi tí kẹ̀kẹ́ ti wá. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń di táyà iwájú mú. Ti Amẹ́ríkà àti Jámánì, ọwọ́ òsì. Ẹ yí táyà kẹ́ ẹ sì fà á wò kẹ́ ẹ tó gùn ún, torí ẹni tó bá fa ti iwájú gbàgà láìmọ̀, orí ló máa fi ṣíwájú.

Kẹ́ ẹ gbé e wò náà. Ẹ gbé e sókè ní ti gidi. Àwọn tó ní sípíríìnì níwájú àti lẹ́yìn ń dán lójú, wọ́n sì wúwo bí àpò gàrí. Ẹni kékeré tó máa gbé e gun afárá ẹlẹ́sẹ̀, kí ló fẹ́ fi sípíríìnì ẹ̀yìn ṣe?

Ní ti ìjókòó, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fi í sílẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mi ò fọwọ́ kan pẹ́dàlì, kí n má purọ́, mi ò fẹsẹ̀ kàn án. Mo kàn ń fẹsẹ̀ ti ara mi lọ ní kọ̀ḿpáǹdì. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí gìgísẹ̀ mi fi kan pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tí orúnkún mi sì nà tán. Téèyàn bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Tó bá wà nísàlẹ̀ jù fún ìrìn gígùn, orúnkún ló máa sọ fún yín lálẹ́. Irin ìjókòó yẹn ṣì lè gòkè sí i, kìkì pé kò gbọ́dọ̀ kọjá àmì tí wọ́n fín sí i lára. Ìdáhùn tí mo fún ìyá mi lórí "ọmọ ń dàgbà" nìyẹn: ìjókòó lè bá mi dàgbà, àmọ́ egungun kẹ̀kẹ́ ò lè bá mi kúrú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n ní kó gbé èyí tó ga wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ yín gùn, ẹ kọ́kọ́ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Yíyá ò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Olympics Paris ní 2024, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá Ese Ukpeseraye ló fi díje fún Nàìjíríà nínú eré kẹ̀kẹ́ inú gbọ̀ngàn. Inú mi ò dùn sí i, àmọ́ orí rẹ̀ ló wú mi.

Èyí tá a gbé wálé, táyà rẹ̀ jẹ́ 24, irin rẹ̀ ga ní 63. Àwọ̀ rẹ̀ ò wù mí, ó dà bí ata tó ti ń bàjẹ́. Ìyá mi ní kí n máa gùn ún bọ̀ nínú kọ̀ḿpáǹdì, wọ́n ń pariwo "Dúró!" nígbà tí mi ò retí. Lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Wọ́n ti jẹ́ kí n gbé e kọjá géètì báyìí, àmọ́ àdúgbò ẹ̀yìn ni mò ń gbà wá sílé ìwé. Oba Akran, wọ́n ní ó di ọjọ́ mìíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, tépù télọ̀ wà nínú báàgì mi. Ẹ wá bá mi lásìkò ìsinmi, kẹ́ ẹ mú ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ le dání, kí ẹni tó máa bá yín wọn ún sì jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, kì í ṣe èmi.