Ọkọ̀ aṣíborí oníjòókòó méjì: ta ní ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́?

Bí ọmọ Yorùbá bá ra ọkọ̀, kì í ṣe òun nìkan ni ó rà á fún. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó àti ọmọ wà níbẹ̀, àbúrò tí wọn yóò lọ gbé ní pápákọ̀ òfurufú náà wà níbẹ̀. Àpò iṣu, kúlà oúnjẹ òde àríyá, aládùúgbò tí ó fẹ́ bá wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ni ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi di ẹ̀rín ní ọdún 2004, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan, ọkùnrin ọmọ Abẹ́òkúta tí ó fi Thamesmead ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé, gbé Mazda MX-5 àlòkù kan wọlé, tí ó sì sọ pé òun nìyẹn, òun kò ní ọkọ̀ mìíràn, òun kò sì ní í ra òmíràn kún un. Ọdún 1995 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ ọ̀hún. Ìjókòó méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ kì í ṣe irin, aṣọ líle ni, tí ènìyàn lè ká sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Gígùn rẹ̀ láti imú dé ìdí kò pé mítà mẹ́rin. Àgbàlagbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn bi í léèrè bóyá owó ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó tí wọn kò fi ta ààbọ̀ ọkọ̀ yòókù fún un.

Ẹ má rò pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ àjèjì ní Ìlú Ọba o. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n sọ ọ́ di àṣà. MG, Triumph àti Lotus ni orúkọ tí àwọn bàbá wọn fi ń yangàn. Colin Chapman tí ó dá Lotus sílẹ̀ gbà pé ìwúwo ni ọ̀tá ọkọ̀. Dípò kí ó máa wá ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi sí i, ara ọkọ̀ ni ó máa ń dín kù. Lotus Elan rẹ̀ tí ó jáde ní 1962 fúyẹ́ débi pé ìwọ̀n rẹ̀ kò pé 700 kílógíráàmù. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní ìwà bí ọmọ àkẹ́bàjẹ́. Omi òjò ń jò wọlé, òróró ẹ́ńjìnnì ń jò jáde, bí òtútù bá sì mú jù lówùúrọ̀, wọ́n lè sọ pé àwọn kò dìde lónìí. Bí wọ́n ṣe di ọkọ̀ ọjọ́ Àìkú nìyẹn, èyí tí wọ́n ń fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin. Ní 1980, wọ́n ti ilé iṣẹ́ MG tí ó wà ní Abingdon pa, ó sì dà bí ẹni pé ìgbà wọn ti kọjá.

Àwọn ará Jàpáánì ni wọ́n tún un gbé dìde. Akọ̀ròyìn ọkọ̀ kan, Bob Hall ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó sọ fún Kenichi Yamamoto tí ó jẹ́ ọ̀gá ní Mazda pé irú ọkọ̀ kékeré aṣíborí bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 1989, wọ́n gbé MX-5 jáde ní Chicago. Toshihiko Hirai ni olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ṣe é, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì fi ṣe òdiwọ̀n fún wọn: jinba ittai, ìyẹn ni pé kí ẹṣin àti ẹni tí ó gùn ún di ara kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, bí ẹṣin ṣe ń jó tí ẹni orí rẹ̀ kò sì mì, kò nílò àlàyé lórí èyí. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde kò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ju lítà 1.6 lọ. Ẹni tí ó bá rò pé torí eré àsápajúdé ni wọ́n ṣe é yóò ṣìnà. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ń pín lẹ́tà lè lé e bá ní òpópónà márosẹ̀. Adùn rẹ̀ wà nínú pé bí awakọ̀ bá ti ń ro ibi tí ó fẹ́ yà sí ni ọkọ̀ ti ń yà, àti pé kò sí òkúta kan lójú títì tí ìbàdí rẹ̀ kì í kà. Àgbáyé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2016, èyí tí ó pé mílíọ̀nù kan jáde láti ilé iṣẹ́ wọn ní Hiroshima.

Ohun tí ó mú kí nọ́ọ̀sì yìí rà á kò sí nínú ìtàn wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe. Agogo méje ìrọ̀lẹ́ ni ó ń jáde nílé, ó sì máa ń di nǹkan bí agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Wákàtí méjìlá gbáko lábẹ́ iná funfun, pẹ̀lú òórùn oògùn, pẹ̀lú igbe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí èémí wọn kò já gaara, àti ẹ̀rọ tí ń ké píì píì títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ó bá ti jókòó sínú ọkọ̀, yóò tú ìkọ́ méjì tí ó de orí aṣọ náà mọ́ gíláàsì iwájú, yóò fa síìpù fèrèsé ẹ̀yìn, yóò sì ká gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá mí kanlẹ̀. Ìdajì wákàtí tí ó fi ń wa ọkọ̀ lọ sílé lábẹ́ ọ̀run ni ó fi ń sọ òru náà kalẹ̀, kí ó má baà gbé e wọ ọ̀dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Àwọn mìíràn ń mu ọtí fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Òtútù ńkọ́? Nínú oṣù kìíní pàápàá, ó ń ṣí i. Yóò dé fìlà onírun, yóò gbé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè, yóò sì jẹ́ kí ooru ẹ́ńjìnnì máa fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Òjò ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ń sáré díẹ̀, atẹ́gùn tí ó gba orí gíláàsì iwájú kọjá ń gbé ọ̀wààrà òjò kékeré lọ sẹ́yìn. Ibi iná adarí ọkọ̀ ni ìyà wà. Bí iná bá pupa, tí ọkọ̀ dúró, a jẹ́ pé ìwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lílo irú ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́ ní òfin tirẹ̀. Fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe gíláàsì, rọ́bà tí ó mọ́ gaara ni. Bí òtútù bá mú un tí wọ́n sì ká a láìfa síìpù, yóò sán. Olè kò ní í fọ́ ohunkóhun kí ó tó wọlé, ọ̀bẹ ni yóò fi ya aṣọ orí rẹ̀. Nítorí náà, onílé náà kì í fi nǹkankan sílẹ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí olè lè ṣí i wò dáadáa, kí ó sì kọjá lọ. Èyí tí ó burú jù ni omi. Omi orí aṣọ náà ń gba ihò kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó jáde sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ewé bá dí ihò wọ̀nyí, inú ọkọ̀ ni omi yóò gbà, yóò sì wọ inú irin abẹ́ ilẹ̀kùn lọ jókòó. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti inú wá síta, nígbà tí ojú bá sì fi rí i, ó ti bàjẹ́ tán, àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́dọọdún kò sì ní í gbà á. Ọ̀pọ̀ MX-5 tí wọ́n fi pamọ́ bí ẹyin ni ìpẹtà ti jẹ báyìí. Tirẹ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ kì í pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ìjókòó ti tutù, yóò sì mú okùn ọ̀rá gbọọrọ kan, yóò fi ro ihò náà.

Ti ẹrù kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Táyà àdárọ́pò àti bátìrì ti gba ibi púpọ̀ nínú búùtù, àpò méjì tí ó rọ̀ ni ó kù tí ó lè gbà. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ṣíwọ́ rírán an ní kúlà. Ìsinmi ńlá ni ìyẹn fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá ní bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ bi léèrè.

Ìyá rẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta ní 2009. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, gèlè tí wọ́n sì wé lọ́jọ́ ìsìn àkọ́kọ́ ga bí òkè. Wọ́n wo ọkọ̀ náà, wọ́n wo ọmọ wọn.

“Ọkọ mi, ṣé o fẹ́ kí n dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni?”

“Rárá, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i ná. Ẹ di irin orí gíláàsì yìí mú, ẹ fi ìdí jókòó, ẹ̀yìn náà ni kí ẹ tó kó ẹsẹ̀ wọlé.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ọkọ̀ onírin tí ó ní òrùlé ì bá gba gèlè náà mú, àfi kí wọ́n tẹ orí ba. Nínú èyí, ojú ọ̀run ni gèlè wà. Ó rọra wà á jẹ́jẹ́, Màmá fi ọwọ́ kan di gèlè mú, wọ́n sì ń fi èkejì juwọ́ sí àwọn tí ń dúró de bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbàgbé pé ẹni kan ṣoṣo ni ó lè ràn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, nítorí òótọ́ ni.

Ohun kan wà tí ọkọ̀ aṣíborí kì í fi pamọ́ fún ẹni tí ń wà á: atẹ́gùn tí gbogbo ènìyàn ń mí. Awakọ̀ náà jókòó sílẹ̀ débi pé páìpù èéfín ọkọ̀ ńlá bá imú rẹ̀ dọ́gba. Nínú oṣù kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tí ń ṣe ìwádìí ikú ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé èéfín ojú títì wà lára ohun tí ó pa Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láti Lewisham, tí ikọ́ ẹ̀fúùfù pa ní 2013. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lewisham kò jìnnà sí Thamesmead. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí sì ń tọ́jú lóru.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, Sadiq Khan, olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, mú òfin èéfín tí wọ́n ń pè ní ULEZ gbòòrò dé gbogbo ìlú náà. Ọkọ̀ epo bẹntiróòlù tí kò bá òṣùwọ̀n mu yóò san pọ́n-ún 12.50 lójúmọ́ tí ó bá rìn, MX-5 ti 1995 sì wà lára wọn. Òru ni ọjọ́ ń yí padà nínú òfin náà. Ẹni tí ó jáde nírọ̀lẹ́ tí ó sì padà sílé láàárọ̀ ti san ọjọ́ méjì fún iṣẹ́ òru kan. Òru mẹ́ta léra wọn jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: pọ́n-ún 50. Ìyà ńlá ni èyí fún àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́, àwọn tí ó ṣe òfin náà kò sì rò ó kanlẹ̀.

Inú bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju òun alára lọ. Wọ́n ní kí ó bá àwọn jáde lọ fẹ̀hónú hàn. Ó ní òun kò lè fi ẹ̀rọ ìmí sí ọmọdé lẹ́nu lóru tán, kí òun tún gbé pátákó lọ́sàn-án pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa tú èéfín sí i. Nígbà náà, ìjọba ìlú ń fún ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fọ́ ọ ní pọ́n-ún 2,000. Ó mú fọ́ọ̀mù náà, ó sì fi í sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti ń wà á. Kò lè buwọ́ lù ú pé kí wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó wá MX-5 mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2006, èyí tí òfin náà gbà láyè. Ó sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ, fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì gidi. Ìkọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tú kí orí tó ṣí. Ó ní kò bá òun sọ̀rọ̀ bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀run tí ó wà lórí rẹ̀ kò yàtọ̀. Obìnrin olùkọ́ kan láti Norfolk, níbi tí òfin náà kò dé, ni ó ra ti àtijọ́, tí ó sì ní òun yóò máa gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ọjọ́. Ọkùnrin náà bẹ́ mọ́ ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ihò méjèèjì tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó hàn án, ó sì fún un ní okùn ọ̀rá náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.