Ìwé Àjọ Ìyá Mi àti Kọ̀ǹpútà Tó Wà ní Jámánì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi ni mo sọ fún ìyá mi pé kó gbé ìwé àjọ rẹ̀ sínú àpótí, pé ayé ìwé ti tán. Ọjọ́ Sátidé ni, ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 2024, ní ilé wa ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin.

Bí mo bá sọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé Èkìtì ni mo ti wá, Adó-Èkìtì ni gbogbo èèyàn ń rò. Rárá o. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara ni tiwa, Ararọ̀mí-Ọ̀pin sì ni ibùjókòó rẹ̀. Bí mo bá ń bọ̀ láti Ìlọrin, mo máa ń wọ mọ́tò dé Òmù-Àrán, kí n tó wá wọ òmíràn lọ sílé.

Ìyá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbẹ̀. Àwọn mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, wọ́n sì ń pàdé ní gbogbo Sátidé. Ẹni tó kéré jù ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀, ẹni tó bá sì nílò owó lè yá nínú rẹ̀. Ìwé ńlá kan aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Ní àfikún, olúkúlùkù ní káàdì pélébé kan lọ́wọ́ tí ìyá mi ń buwọ́ lù bó bá ti gbowó.

Lóòótọ́, ìwé náà ń fún un ní wàhálà. Bí ìparí oṣù bá dé, á jókòó ti iná fìtílà, á máa ro ó, á máa pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé màá ṣe dashboard fún un, ojúewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ nìkan lè wọ̀. Wọn á tẹ orúkọ, wọn á tẹ iye owó, kọ̀ǹpútà á sì ro gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Django ni mo fi ṣe é. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Kansas, Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní Lawrence Journal-World ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Django lọ́dún 2003, wọ́n sì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2005. Nítorí pé àwọn oníròyìn tí kì í kọ kóòdù ni yóò máa lò ó, ojúewé alábòójútó ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìròyìn ní Kansas àti ẹni tó ń gba owó àjọ ní Ararọ̀mí, ohun kan náà ni wọ́n ń fẹ́: ibi tí wọn yóò ti tẹ nǹkan láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Gbígbé e lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gba òru méjì lọ́wọ́ mi. Mo rí iléeṣẹ́ kan tó ń gbà wá láyè lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n yan ibi tí kọ̀ǹpútà tí yóò máa gbé e wà, mo wò ó títí, kò sí Áfíríkà níbẹ̀. Amazon ti ṣí tiwọn ní Cape Town láti 2020, ṣùgbọ́n káàdì báǹkì tó ń ná dọ́là ni wọ́n ń béèrè, èmi kò sì ní. Mo yan Frankfurt ní Jámánì, torí òun ló sún mọ́ wa jù.

Òru àkọ́kọ́, kò ṣí rárá. Mo ti ní kó máa gbọ́ ìpè lórí 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí tó wá ń retí àlejò. Mo yí i sí 0.0.0.0, mo sì jẹ́ kó gba nọ́ńbà port lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà dípò èyí tí mo yàn fúnra mi. Òru kejì, ó ṣí, ṣùgbọ́n ìhòòhò ló jáde, kò ní àwọ̀, kò ní bọ́tìnì, torí n kò ṣètò àwọn fáìlì tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo tún ìyẹn náà ṣe. Mo kó password kúrò nínú kóòdù, mo pa DEBUG. Nígbà tó di aago mẹ́ta òru, mo rí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé kan: Live. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe jí ará ilé.

Ìyá mi tètè mọ̀ ọ́n lò ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kọ̀ láti ṣe ni pé kó fi káàdì sílẹ̀. Mo ní, “Mọ́mì, kí lẹ tún ń buwọ́ lu káàdì fún? Ó ti wà lórí fóònù yín.” Ó ní, “Tèmi ló wà lórí fóònù. Tiwọn ńkọ́?” Mo rẹ́rìn-ín.

Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi lò ó. Ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì, ìyá mi pè mí ní Ìlọrin pé kí n bá òun yí “Loan” padà sí “Ẹ̀yáwó.” Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo yí i, mo fi ránṣẹ́, mo rí Live, mo sùn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé inú fáìlì SQLite, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù mi, ni gbogbo àkọsílẹ̀ wọn wà, ibi ìpamọ́ onígbà díẹ̀ sì ni irú ààyè ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó bí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Bí àlejò bá ti jáde, wọ́n á gbá yàrá, wọ́n á tún bẹ́ẹ̀dì tẹ́, ohun tó bá gbàgbé sábẹ́ ìrọ̀rí ti lọ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi kóòdù tuntun ránṣẹ́, yàrá tuntun ni wọ́n ń fún un. Fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ló padà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e ti di òfo. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn kedere. Èmi ni n kò kà á.

Ní Sátidé, màmá àgbàlagbà kan dìde pé òun fẹ́ yá owó láti fi san fún àwọn tí yóò ro oko òun kí òjò tó dé. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí kò bá dá owó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra kò lè yá. Ìyá mi ṣí ojúewé rẹ̀: òfo, òfo, òfo. Màmá ní òun dá a, ẹgbẹ̀rún méjì méjì. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, “Kọ̀ǹpútà kì í purọ́.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò pẹ́ púpọ̀ kí ọkùnrin kan tó ní kí wọ́n wo tòun náà, tí wọ́n rí i pé òfo ni, tí gbogbo wọn sì wá rí i pé òfo ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ìyá arúgbó tí kò jẹ gbèsè rí dúró láàárín àwùjọ bí òpùrọ́.

Ìyá mi pè mí. Kò pariwo. Ó ní, “Ìwọ, wá wá owó àwọn èèyàn yìí.”

Mo délé ní ọjọ́ kejì. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kó káàdì wọn wá, mo ń ka ibi tí ìyá mi buwọ́ lù, mo ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn mọ́kànlélógójì ló mú káàdì wá. Káàdì àwọn méjì ti sọnù. A ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí, a ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin ọlọ́kadà kan, ronú díẹ̀, ó ní, “Kọ òfo sí ọ̀sẹ̀ kejì. Mọ́ṣíìnì mi bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, n kò dá nǹkan kan.” Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ bó bá purọ́. Mo tẹ òfo náà, mi ò lè wojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sílé màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ṣé owó òun ti padà? Mo ní ó ti padà. Ó ní, “Má jẹ́ kó tún sọnù o.” Ó ti rí owó oko rẹ̀ yá.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kó àkọsílẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù, mo gbé e sínú PostgreSQL tó dá dúró, tí fífi kóòdù ránṣẹ́ kò lè fọwọ́ kàn. Ní alaalẹ́ Sátidé, ẹ̀dà rẹ̀ ń wọ inú fóònù ìyá mi. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń fi ẹ̀dà yẹn tún gbogbo rẹ̀ kọ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi, torí ẹ̀dà tí a kò dán wò, ìrètí lásán ni. Olóyè kọ̀ọ̀kan ní password tirẹ̀. Láti 2023 ni òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn kì í sì í ṣe ohun ìṣeré.

Ìwé búlúù náà sì ti jáde kúrò nínú àpótí. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá nítòsí Abidjan já, wàhálà sì bá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, Jámánì jìnnà gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi ṣí ìwé rẹ̀, ó gbowó, ó buwọ́ lu káàdì. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú dashboard. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìdánwò àṣekágbá. Bí Live bá ti jáde, a ya fọ́tò rẹ̀, a fi hàn olùkọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn gidi bá ti lè tẹ owó rẹ̀ síbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbé ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ẹ béèrè ìbéèrè kan: bí kọ̀ǹpútà yìí bá gbàgbé lálẹ́ òní, ta ni yóò rántí?