Ẹ yẹ ọjà wò kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Òwò ńlá ni ọ̀rọ̀ ìdánwò dà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ yín fẹ́ẹ́ ṣèdánwò, oríṣiiríṣii èèyàn ló máa yọjú, oníkálukú á ní ọwọ́ òun ni àṣírí ẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó wà ní Texas, ló jẹ́ kí n mẹ́nu ba èyí.

Ọmọ wọn ọkùnrin ń múra ìdánwò tí wọ́n ń pè ní AP Physics 1. Oṣù Karùn-ún ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, máàkì 1 sí 5 ni wọ́n sì ń fúnni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì l'Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé bọ́mọ bá gba 4 tàbí 5, wọ́n lè ní kó má wulẹ̀ ṣe kọ́ọ̀sì náà mọ́ tó bá wọlé. Owó ńlá nìyẹn fún ìyá tó ń fi iṣẹ́ òru tọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń san dọ́là lóṣooṣù fún ìkànnì kan tó ṣèlérí pé 5 dájú.

Nígbà tí wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí iṣẹ́ ìròyìn kọ́ mi ni mo ṣe: mo lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti wá. College Board ló ń ṣètò ìdánwò náà, wọ́n sì ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa bèèrè sínú ìwé kan tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì wọn. Ibẹ̀ la ti rí i pé láti ọdún 2025, ìbéèrè 40 lọmọ máa mú ìdáhùn fún láàárín 80 ìṣẹ́jú, yóò sì fọwọ́ kọ ìdáhùn sí 4 mìíràn láàárín 100 ìṣẹ́jú. Wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ nípa nǹkan olómi kún un. Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ti kúrò níbẹ̀ láti ìdánwò ọdún 2021.

Àmọ́ ẹ wá wo ìkànnì olówó yẹn: iná mànàmáná ló kún ibẹ̀ bámúbámú, ẹ ò ní í rí nǹkan olómi ẹyọ kan! Ẹ̀gbọ́n mi pariwo, wọ́n ní: "Ṣé ohun tí wọn ò ní í bi í ni mo ń sanwó ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?" Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dá owó yẹn dúró."

Ohun mẹ́ta péré la wá mú, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Khan Academy ló ń fi fídíò ṣàlàyé. Ìwé OpenStax, tó wá láti Yunifásítì Rice ní Texas níbẹ̀, lọmọ náà ń kà. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí College Board fúnra wọn gbé jáde, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi máàkì wọn. Nítorí ẹni tó ń wòran ijó ò tíì jó. Ọmọ lè wo fídíò títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí kò bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́, kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á jókòó ti ọmọ wọn, wọ́n á mú ìwé máàkì dání. Wọn ò mọ físíìsì o, àmọ́ wọ́n mọ ibi tí àlàyé kò bá ti pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, ọ̀nà kan náà ni. WAEC ní ìkànnì tí wọ́n kó ìbéèrè àtẹ̀yìnwá sí, pẹ̀lú ìròyìn àwọn ọ̀gá tó ń máàkì nípa ibi táwọn ọmọ ti ń kùnà. Ẹ kọ́kọ́ débẹ̀ ná. Ẹni tó bá sì ní òun ní ìdáhùn tí wọn ò tíì bèèrè, ẹ sá fún un, olè ni.