Ṣòkòtò Iṣẹ́ Bàbá, Aṣọ Ìbora Ọmọ

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá kọjá ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ẹ ó rí bí eruku ọyẹ́ ti máa ń bo orí òkè Olósùnta àti Òrólè. Òtútù àkókò náà kì í ṣe ti eré. Àwọn ọmọ kékeré a ká jọ lórí ẹní bí ìgbín nínú ìkarahun. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni mo rin ìrìn-àjò láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ àti Èmùré, nítorí aṣọ ìbora kan ṣoṣo.

Ní Ìkẹ́rẹ́, mo yà sọ́dọ̀ télọ̀ kan, mo tọrọ ìrépé ańkárá. Ẹ̀rín ni ó fi mí rín. Ó ní, “Mà, ohun tí à ń dáná sun ní ìrọ̀lẹ́ ni ẹ wá ń tọrọ?” Ó di àpò kan fún mi, n kò san kọ́bọ̀.

Ìsẹ̀ ni ìlú Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére, ẹni tí ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Chicago báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ère ni mo bá lọ. Opó kan, ìyá ọlọ́mọ méjì tí mo ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ rí, ni ó ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí ẹbí pín aṣọ ọkọ rẹ̀, agbádá àti léèsì ti lọ. Ṣòkòtò jíǹsì méjì tí olóògbé fi ń ṣiṣẹ́ ni ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Kò lè wọ̀ wọ́n, kò sì lè dà wọ́n nù. Ó bi mí pé, “Mà, bí mo bá fi àbùlẹ̀ bo àwọn ọmọ yìí, ṣé aráyé kò ní í sọ pé òṣì ń ta wá?”

Mo rán an létí ẹ̀kú egúngún, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìrépé aṣọ lórí ìrépé aṣọ. Mo sì sọ ìtàn Missouri Pettway fún un, ní abúlé Gee's Bend ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú ń gbé. Ọkọ rẹ̀ kú. Ní ọdún 1942, ó kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó fi rán aṣọ ìbora, kí ó lè máa fi í bora. Láti ọdún 2002 ni a ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin abúlé náà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá. Opó náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ mú sáàsì wá.

Ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo aṣọ náà. Mo fi ojú ara mi rí ìyà èyí: mo ti so ańkárá tuntun tí n kò fọ̀ mọ́ jíǹsì rí, ó súnkì, gbogbo rẹ̀ sì hunjọ. Ẹ fọ jíǹsì lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí aró rẹ̀ máa ń ṣí. Ẹ fi orúnkún sílẹ̀, ó ti gbó; ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni kí ẹ gé. A fi páálí onígun mẹ́rin, íǹṣì 7 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gé jíǹsì 24 àti ańkárá 24. A tò wọ́n ní mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ, a fi ìdajì íǹṣì rán etí wọn. Ó di íǹṣì 36 ní ìbú, íǹṣì 48 ní gígùn. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 ni kí ẹ fi sí ẹ̀rọ. Ẹ la ojú rírán sí méjì kí ẹ tó lọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ga bí ebè. Léèsì àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò bá jíǹsì gbé. Yóò fà wọ́n ya.

Èmùré ni a ti parí rẹ̀, ní ilé ìyá opó náà, ẹni tí ó fún wa ní ògbólógbòó ìró àdìrẹ fún inú rẹ̀. A kò fi òwú sí àárín. Jíǹsì ti wúwo tó. (Ẹ má fi irú rẹ̀ bo ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan lójú oorun.) Màmá gbé e wò lọ́wọ́, ó ní ó rán òun létí kíjìpá tí ìyá òun ń hun.

A ti fi àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò kan sílẹ̀ lára rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ rí i, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sì yọ ọ́ títí ó fi sùn.