Tí Wọ́n Bá Ti Igbó Pa, Kí Ni Ọdẹ Yóò Jẹ?

Ọdọọdún ni òfin máa ń ti igbó pa ní orílẹ̀-èdè Ghana. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹran ìgbẹ́, kò sì gbọdọ̀ tà á. Ọ̀yà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, òun náà kò sì ṣeé pa láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ lábẹ́ àjọ Forestry Commission. Òfin yìí kì í ṣe ti àná, láti ọdún 1971 ló ti wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tuntun lórí ẹranko ìgbẹ́, ìyà tó wà fún arúfin nínú rẹ̀ sì le ju ti àtijọ́ lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa ká àwọn ọdẹ lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ń gbé ní Accra New Town, àdúgbò tí àwọn àgbà ṣì ń rántí pé Lagos Town ló ń jẹ́ nígbà kan. Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí i ti wá. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ghana kò lọ, òun náà sì dúró ti ìyá rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Bàbá Ọdẹ ni tọmọdé tàgbà ń pè é lónìí, orúkọ náà sì bá a mu lọ́nà méjì: lóru ọjọ́ iṣẹ́, ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan, lópin ọ̀sẹ̀, ó ń wọ ọkọ̀ trotro lọ sí ìhà Dodowa láti dẹ̀gbẹ́.

Ohun tó ń pa lópin ọ̀sẹ̀ yìí ni ìyàwó rẹ̀ fi ń se ọbẹ̀ tó ń tà pẹ̀lú fùfú. Owó fùfú yìí ló rán ọmọ wọn mẹ́ta lọ sílé ìwé. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá wọlé, owó oúnjẹ kò dín, owó ilé ìwé kò sì ní dúró de oṣù kejìlá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le.

Síbẹ̀, Bàbá Ọdẹ kò bá òfin náà jà. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, òun pa ẹtu kan ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí òun la inú rẹ̀, ọmọ tí irun ti hù sí lára ni òun bá níbẹ̀. Kò tà á, kò sì jẹ ẹ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá pa aboyún ti pa ẹran ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Ìdí tí ìjọba náà sì fi yan oṣù mẹ́rin yìí nìyẹn: àsìkò tí ọ̀pọ̀ ẹran ń bímọ, tí wọ́n sì ń fún ọmọ lọ́mú ni.

Ìjà tirẹ̀ wà lórí irin iṣẹ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan ń dẹ wáyà kiri igbó, àwọn mìíràn sì ń fi oògùn apakòkòrò pa ẹran. Wáyà kò mọ aboyún yàtọ̀ sí akọ. Ẹran lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó jẹrà, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ ẹ́. Ẹran olóògùn sì lè ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá. Àwọn baba ńlá wa lo ọfà àti àkàtàmpò, ọdẹ sì gbọ́dọ̀ rí ẹran kó tó ta á. Bó ṣe wí nìyí: “Ohun tí mo bá fojú rí ni mo lè dá sí.”

Kì í ṣe Ghana nìkan ni wọ́n ti ń jiyàn lórí irin iṣẹ́ àti ọjọ́ ọdẹ. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 2009 ni wọ́n tó gba gbogbo ọdẹ láàyè láti lo àkàtàmpò ní àsìkò àwọn ọlọ́fà. Òfin àtijọ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n dẹ ọ̀pọ̀ ẹran lọ́jọ́ Àìkú. Ní 2019, wọ́n ṣí ọjọ́ Àìkú mẹ́ta sílẹ̀. Ní 2025, gómìnà fọwọ́ sí òfin tó mú ìdíwọ́ náà kúrò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ló pariwo jù pé ọjọ́ méjì péré ni àwọn ní. Ọ̀rọ̀ náà yé Bàbá Ọdẹ dáadáa. Àmọ́ ó ní ní etíkun Accra, àwọn apẹja Gã kì í lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ebi ò sì tíì torí ìyẹn pa wọ́n. Bí ènìyàn ṣe ń sinmi, ó yẹ kí omi àti igbó náà sinmi.

Ọ̀dọ́ ọdẹ kan tó máa ń bá a rìn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: “Bàbá, kátápílà kì í gba ìsinmi.” Ní ìhà Dodowa, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dẹ ọ̀yà tẹ́lẹ̀ ti di ilé. Katakata ni wọ́n ń wó igbó náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, kò sì sẹ́ni tó ń mú wọn. Ọdẹ tó gbé ẹtu kan ṣoṣo sínú àpò ni wọ́n ń mú lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń san owó ńlá fún ẹran náà nílé oúnjẹ ńkọ́?

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ọ̀bọ pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní ọ̀bọ Miss Waldron, igbó Ghana àti Côte d'Ivoire ni ilé rẹ̀. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ tó wá a títí kéde pé ó ṣeé ṣe kó ti run. Ìbọn wà nínú ohun tó run ún, ààké tó gé igbó rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí lónìí lè má rí i láé àfi nínú àwòrán. Akika náà ń tọ ọ̀nà yẹn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi fohùn ṣọ̀kan ní 2016 láti fòfin de òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ohun kan wà nínú òfin tuntun Ghana tí àwọn ọdẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òun ló ṣe pàtàkì jù fún wọn. Ó fi ẹsẹ̀ ètò kan múlẹ̀, èyí tí àwọn ará abúlé fi lè máa ṣàkóso ẹranko tó wà lórí ilẹ̀ wọn, kí wọ́n sì jẹ nínú èrè rẹ̀. Ọdẹ tó ní ìpín nínú igbó kò ní fẹ́ kó tán. Ẹni tí wọ́n kàn ń lé kiri bí olè kò ní ìdí láti dá ohunkóhun sí.

Ní ti ìyàwó Bàbá Ọdẹ, kò dúró de ìpàdé kankan. Ní 2014, nígbà tí àrùn Ébólà dé àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn oníbàárà fẹnu kan ẹran ìgbẹ́. Látìgbà náà ló ti mọ̀ pé ọjà kan ṣoṣo kì í gba èèyàn. Ó ra ọ̀yà abo mẹ́rin àti akọ kan, ó ní kí wọ́n kan ilé onígi fún wọn sẹ́yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín pé láyé òun, òun ò rí ọdẹ tó ń bu koríko fún ẹran rí. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń gé koríko náà láràárọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ ọdẹ òru dé, tí ìbọn bàbá rẹ̀ sì wà lórí àjà títí di oṣù kejìlá.