Bí Mo Ṣe So Kọ̀ǹpútà Mọ́ Tẹlifíṣọ̀n, àti Ohun Tí Ojú Mi Rí

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbọ́n.

Ní Ajíbọ́dẹ, lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn, ni ilé mi wà, èmi sì ni akọ̀wé mọ́sálásí àdúgbò wa. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń gbé wàláà lọ sí ilé kéwú, ẹrù ni wọ́n ń rù bọ̀ láti oko. Gbogbo súrà tí wọ́n fi ń kírun, etí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ fi ojú ara mi ka Fátíhà kí n tó kú."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bá, tá àti sá kò ju àmì kéékèèké lọ: bá ní ẹyọ kan nísàlẹ̀, tá ní méjì lókè, sá ní mẹ́ta. Lójú ìwé, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí lójú Ìyá mi.

Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà ní pálọ̀ wa tí àbúrò mi rà fún wa. Kí n má purọ́, mo ti wàásù tako ohun èlò yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé bọ́ọ̀lù àti eré ọ̀sán gangan ni ó wà fún. Mo gbàgbé pé Ìbàdàn wa yìí gan-an ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá WNTV sílẹ̀, àti pé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wà lára ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ọmọ mi ni ó sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a so kọ̀ǹpútà yín mọ́ ọn, kí lẹ́tà lè tóbi fún Ìyá àgbà."

Wáyà tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ VGA, irú èyí tí ó ti wà láti 1987, tí orí rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwòrán jáde, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ìyá mi ń wo ẹnu aáfà tí ń kéwú, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Mo padà lọ ra HDMI, tí wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2002. Òun ni ó ń gbé àwòrán àti ohùn papọ̀. Ní ọjọ́ tí bá hàn, tí ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, Ìyá mi fi ìka kan àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹyọ kan! Bá nìyẹn!" Mo yíjú sí ògiri, nítorí omi ti lé sí mi lójú.

Ìròyìn tàn. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin Àsàlátù fi ń wá sí pálọ̀ wa ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo ti ṣí WhatsApp sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Bí mo ṣe ń pa ojú ìwé kéwú dé, ìwé tí ọkùnrin kan kọ sí mi ni ó gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ rẹ̀ wà lókè. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́ nípa gbèsè tí òun jẹ. Ìyàwó náà wà níbẹ̀, ní orí ẹní iwájú. Lẹ́tà tí ó tóbi fún Ìyá mi ti tóbi fún gbogbo ènìyàn.

Kò sọ̀rọ̀. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí ilé wọn, mo kúnlẹ̀, mo bẹ àwọn méjèèjì, nítorí àmánà ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fi sí wa lọ́wọ́. Wọ́n dárí jì mí. Obìnrin náà padà wá sí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kí mi, ṣùgbọ́n kò tún kọ ìwé sí mi mọ́ láti ìgbà náà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí. Mo máa ń ti gbogbo ìwé àdáni pa kí n tó so wáyà. Lẹ́yìn náà ni mo ń tẹ Source lára rìmóòtù, tí mo sì ń yan ihò HDMI tí wáyà wà. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti Windows, mo ń tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú lẹ́tà P. Bí ẹ bá yan Duplicate, ohun gbogbo tí ẹ ń wò ni àlejò yóò wò. Bí ẹ bá yan Extend, kìkì ohun tí ẹ bá fà sí ọ̀hún ni yóò hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Extend ni kí ẹ̀yin tí àṣírí ènìyàn wà lọ́wọ́ yín máa yàn. Bí ohùn kò bá jáde, ẹ tẹ àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan orúkọ tẹlifíṣọ̀n.

Ní Ràmàdánì tí ó kọjá, Ìyá mi ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìka wọn ni wọ́n fi ń tọ̀ ọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. N kò wàásù tako tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ẹni tí ń darí rẹ̀ ni mo ń wàásù fún, èmi fúnra mi ni mo sì fi ń ṣáájú. Kí Ọlọ́run Ọba bò wá láṣìírí, kí Ó má jẹ́ kí a tú àṣírí ẹlòmíràn. Àmín.