Mo Pe Ọmọ Mi Ní Ọ̀lẹ

Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ọmọ ẹlòmíràn lè jẹ irú ìyà tí ọmọ tèmi jẹ.

Ọmọ ọdún 7 ni àkọ́bí mi nígbà náà. Bí ó bá ti sùn, ìhanrun rẹ̀ a máa dún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń gbádùn oorun bí àgbàlagbà." Ṣùgbọ́n bí a bá jí i fún ìrun Àsùbáà, yóò sùn lọ ní ìforíkanlẹ̀. Ní ilé kéú, yóò gbé wàláà lé itan, yóò sì máa tòògbé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Baba Olóorun. Ó tún ń tọ̀ sílé. Ààfáà nà án, èmi náà nà án. Mo pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn àbúrò rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀, mo dìde fún sààrì, mo gba ibi ẹní rẹ̀ kọjá. Lójijì, ìhanrun náà dáwọ́ dúró. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èémí kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ka ení títí dé ẹ̀wá. Kí n tó fọwọ́ kàn án, ó mí kíkankíkan bí ẹni tí a fà jáde nínú odò, ìhanrun sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun. Mo gbàgbé sààrì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ tí a ń pè ní olóorun kò rí oorun sùn. Ìjà ni ó ń jà ní gbogbo òru.

A gbé e lọ bá dókítà. Ó ní bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ hanrun fún ọjọ́ díẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ìhanrun alaalẹ́ tí èémí ń dá dúró nínú rẹ̀, àìsàn ni. Láti ọdún 1976 ni Christian Guilleminault àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa ọmọ 8 tí ó ní in. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa tòògbé lọ́sàn-án, ó lè máa tọ̀ sílé, ẹ̀kọ́ sì lè má wọ orí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí, tí mo sì ń fi pàṣán ṣe oògùn rẹ̀.

Ẹran méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ó wà lẹ́yìn imú. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ń fa àìsàn náà fún ọmọdé. Wọ́n yọ wọ́n. Ìhanrun dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tán. Ni wọ́n bá rán wa sí dókítà eyín. Ẹnu yà mí: kí ló kan eyín nínú ọ̀rọ̀ oorun?

Dókítà eyín ní kí ọmọ lanu. Àjà ẹnu rẹ̀ tóóró, ó sì ga. Ó bi mí pé, "Alhaji, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ni àjà ìsàlẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí ń gbé òkè?" Mo ní ilẹ̀ ni. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni àjà ẹnu ṣe jẹ́ ilẹ̀ fún ihò imú. Bí ìsàlẹ̀ bá há, òkè náà lè há." Ó ní egungun méjì ló pàdé láàárín àjà ẹnu, ojú ìpàdé wọn kì í sì í tíì lẹ̀ pinpin nígbà èwe. Irin kékeré tí a so mọ́ eyín ẹ̀yìn yóò máa tì wọ́n kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀, egungun tuntun yóò sì dí àlàfo náà. Ní ọdún 2004, Paola Pirelli àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì kọ̀wé nípa ọmọ 31 tí wọ́n fi irú irin yìí tọ́jú, tí èémí wọn sì dára lójú oorun.

Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kékeré kan. Láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ni mo ń yí i lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n ìdámẹ́rin mìlímítà. Ọwọ́ tí ó ti mú pàṣán ni ó wá ń mú kọ́kọ́rọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ 2 tí àlàfo fi hàn láàárín eyín iwájú rẹ̀. Àyà mi já, ṣùgbọ́n ìyá mi bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi ti ní èjí!" Dókítà ní àlàfo náà yóò padà pa dé. Ó pa dé lóòótọ́. Ìyá mi nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Oṣù 6 ni irin náà tún lò lẹ́nu ọmọ kí egungun lè le.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ń hanrun ni irin wà fún. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wo ọ̀fun àti imú ọmọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi ní kí a kọ́kọ́ fetí sí oorun rẹ̀ kí a tó gbé ọwọ́ kankan sókè.

Lónìí, ọmọ mi ni ó ń jí mi fún Àsùbáà. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé n kì í ṣe ọ̀lẹ mọ́?" Mo ní, "O kò ṣe ọ̀lẹ rí." Kí Ọlọ́run foríjì wá. Àmín.